Ẹ̀kọ Tí Kì Í Kan

Ọjọ́ tí mo gbá ìyàwó mi létí nítorí ọ̀rá ẹ̀kọ ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Òwúrọ̀ ni, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Bẹ́yẹrúnkà. Ó ń da ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́. Bí mo ṣe gbá a, igbá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ sì dà sí i lẹ́sẹ̀. Ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi omi tútù ṣan ibẹ̀, ó sì mú igbá rẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn báyìí. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gba ìjọba ni. Kẹ́mísì ni mí. Mo kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Òkè Bọ́lá, mo gba ìwé àṣẹ kékeré tó ní kí n máa ta oògùn ẹ̀fọ́rí àti ti ibà, mo sì ṣí ìsọ̀ sí yàrá iwájú ilé bàbá mi. Ìwé náà kò ní kí n ta kápúsù. Ṣùgbọ́n ta ló ń bi mí? Gbogbo àdúgbò ń pè mí ní Dókítà, èmi náà sì ń dáhùn. Ọwọ́ mi yá sí ìjà. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò ní bá èèyàn wọ̀yá ìjà, nínú ilé tàbí ní títì.

Ìyàwó mi ń ta ẹ̀kọ. Iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ni, òun náà sì bá a lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Ewé eéran ni wọ́n fi ń pọ́n ọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àfi ìgbà tí ọ̀rá dé, láílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí èèyàn ń rí ẹ̀kọ nínú rẹ̀ kedere. Àwọn tíṣà àti akọ̀wé tó ń gba iwájú ilé wa kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀, wọ́n ní ewé máa ń ní yẹ̀pẹ̀ lára. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, ewé á wọ́n lọ́jà. Èmi ni mo ní kí ìyàwó mi yí sí ọ̀rá.

“Ẹ̀kọ inú ọ̀rá máa ń làágùn,” ó wí fún mi. “Kì í mí. Kò ní pẹ́ kan.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ̀kọ ewé á di ọjọ́ kejì, kò ní ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n tinú ọ̀rá á ti máa yọ̀ kó tó di ọ̀sán ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kan, obìnrin aláṣọ kan láti Ọjà'ba gbé ẹ̀kọ mẹ́fà tó ti bàjẹ́ padà wá, ó sì da gbogbo rẹ̀ lé ìyàwó mi lórí níwájú àwọn oníbàárà. Ìyàwó mi gbá a lọ́rùn mú. Wọ́n ya ara wọn láṣọ, wọ́n yí ara wọn nínú gọ́tà. Kí n tó ráyè là wọ́n, obìnrin náà ti fa yẹtí ìyàwó mi já, etí sì ya.

Ìbínú ọjọ́ náà ni mo gbé wọ ìsọ̀. Mo jókòó, mò ń wo páálí kápúsù aláwọ̀ méjì, pupa àti yẹ́lò, èyí tí àwọn èèyàn máa ń tú ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò kó má bàa kẹ̀. Mo wá rò ó pé ohun tí kò jẹ́ kí ẹran ara èèyàn kẹ̀, ṣé ó máa jẹ́ kí ẹ̀kọ kan? Mo tú kápúsù mẹ́rin sínú abọ́ omi, mo fi omi náà ṣan inú ọ̀rá kan, mo sá a títí ó fi gbẹ, mo sì ní kí wọ́n da ẹ̀kọ sí i. Mo tún mú ọ̀rá mìíràn tí mi ò fi nǹkan kan ṣan, wọ́n da ẹ̀kọ sí ìyẹn náà. Mo gbé àwọn méjèèjì sórí àga nínú ìsọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, èyí tí kò ní oògùn nínú ti ń rùn, omi rẹ̀ ti dà sórí àga. Èyí tó ní oògùn funfun báláú. Mo jó nínú ìsọ̀, èmi nìkan.

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó gbé ọ̀rá náà sókè sí oòrùn, ó ń wò ó.

“Ẹni tí ara rẹ̀ dá, kí ló fẹ́ fi oògùn ṣe?” ó bi mí. “Ọmọ ọlọ́mọ la fẹ́ máa fún ní kápúsù jẹ láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ yìí. Ẹ má bínú, mi ò ní ṣe é.”

Ibẹ̀ ni mo ti gbá a létí. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń ṣe é.

A ṣe é fún nǹkan bí ọdún méjì. Omi tí a fi ń ṣan ọ̀rá máa ń pọ́n bí ìtọ̀ ẹni tí ibà ń ṣe. Okùn ẹ̀yìnkùlé wa kún fún ọ̀rá tí a sá, atẹ́gùn á sì máa gbá wọn pàtìpàtì. Láti Bẹẹrẹ, láti ìsàlẹ̀ Màpó, àní láti Àrẹ̀mọ ni wọ́n ti ń wá ra ẹ̀kọ tí kì í kan. Àwọn ẹlẹ́kọ yòókù ń pariwo pé oògùn ni ìyàwó mi ń lò, wọ́n rò pé oògùn àwúre ni. Bí mo bá gbọ́, ẹ̀rín ni mo máa ń rín.

Kí ọdún kejì tó parí, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ tí mi ò kọbi ara sí. Àwọn tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru ní àdúgbò máa ń wá ra kápúsù lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n wọn kì í tètè gbádùn mọ́. Ẹni tó yẹ kó gbádùn lọ́jọ́ kejì á tún padà wá lọ́jọ́ karùn-ún, ojú rẹ̀ á ti jìn sínú. Èmi á kàn fi kún iye tó máa lò. Ọmọkùnrin kan tó ń bá wọn pe èrò ní ibùdókọ̀ Bẹẹrẹ dúró lẹ́nu ìsọ̀ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń pariwo sí gbogbo ayé létí.

“Ẹfun lo ń tà fún wa! Ẹfun lo rọ sínú kápúsù! Olè!”

Ìjà ìgboro làrùn Ìbàdàn, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, mo sì ti kó àrùn náà. Mo fa irin tí mo fi ń ti ilẹ̀kùn ìsọ̀ yọ, mo là á mọ́ ọn lẹ́nu. Eyín méjì já bọ́ sílẹ̀. Nígbà tó ṣubú, mo tún fi irin náà gún un níhà. Àwọn èèyàn ló gbà á lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹnì kan tó bi mí bóyá ẹfun ni tàbí kì í ṣe ẹfun. Wọ́n ń yìn mí pé ọkùnrin ni mí.

Ẹnì kan wà tó ń gbé ní ilé kẹta sí tiwa. Bíríkìlà ni. Ó jù mí lọ ní bí ọdún márùn-ún, Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, òun náà sì máa ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀ nítorí iṣẹ́ mi. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ní, ọmọ ọdún mẹ́fà, eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká. Ní àràárọ̀, ọmọ yìí á gbé abọ́ wá, á kúnlẹ̀, á ní, “Màmá ẹlẹ́kọ, ẹ kú àárọ̀ o.” Ìyàwó mi á fún un ní ẹ̀kọ méjì, á sì fi ènì kékeré kan lé e.

Nígbà tí òjò ọdún náà wọlé dáadáa, tí omi gọ́tà ń wọ inú kànga, ìgbẹ́ ọ̀rìn dé àdúgbò wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bíríkìlà pọn ọmọ rẹ̀ wá sí ìsọ̀ mi.

“Dókítà, ẹ gbà mí. Láti àná ni kò ti dúró.”

“Ẹ má fòyà, Ẹ̀gbọ́n,” mo wí. Mo fún un ní kápúsù, mo sì júwe bó ṣe máa lò ó.

Ní ọjọ́ kẹta ó padà wá. Orí ọmọ náà rọ̀ sí èjìká rẹ̀. Ó na aṣọ tó fi dí i nídìí sí mi kí n wò ó: ẹ̀jẹ̀ àti ikun ni.

“Ẹ ò rò pé kí n gbé e lọ sí ọsibítù?” ó bi mí.

“Kí ni wọ́n fẹ́ fún un níbẹ̀ tí mi ò ní?” mo dá a lóhùn. “Ẹ fún un ní méjì méjì.”

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn láròtúnrò. Ọjọ́ méjì ni mo gbà lọ́wọ́ ọmọ náà pẹ̀lú gbólóhùn kan yẹn. Nígbà tí bàbá rẹ̀ fi máa gbé e dé ọsibítù, kò lè sunkún mọ́. Ó lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀, ó sì kú lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sin ín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an.

Èmi àti ìyàwó mi lọ síbi ìsìnkú. Bíríkìlà ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i ohun tí dókítà obìnrin kan sọ fún un: wọ́n yẹ ìgbẹ́ ọmọ náà wò, kòkòrò tó wà nínú rẹ̀, kápúsù aláwọ̀ méjì yẹn kò tu irun kan lára rẹ̀. Dókítà ní àfi bí ẹni pé àwọn kòkòrò àdúgbò wa ti ń bá oògùn náà gbé tipẹ́. “Mo ní, ‘Dókítà, ọmọ mi kò lo kápúsù rí kó tó ṣàìsàn.’ Mo fi Ọlọ́run búra fún wọn.” Ìyàwó mi wà láàárín àwọn obìnrin. Mo rí i tó fi ìborùn bo ojú.

Lọ́jọ́ kẹta, ó tún lọ kí ìyá ọmọ náà, òun nìkan. Kò pẹ́ tó fi padà. Inú ìsọ̀ ló ti bá mi, ó dúró ní ọ̀kánkán mi.

“Mo ti sọ fún wọn,” ó wí. “Ọ̀rọ̀ ọ̀rá. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún ìyá ọmọ.”

Mo gbé ọwọ́ sókè láti gbá a. Kí ọwọ́ mi tó balẹ̀, òkúta kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó fọ́ àpótí onígíláàsì tí mo to oògùn sí.

Àwọn tó wà níta ju ogún lọ. Bíríkìlà ló ṣíwájú wọn, ṣọ́bìrì tó fi ń po sìmẹ́ńtì wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Mo tún rí ọmọkùnrin ibùdókọ̀ tí mo yọ léyín. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé igi àti ìgò dání.

“Jáde!” bíríkìlà ké. “Ìwọ apààyàn, jáde síbí!”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi “ẹ” pè mí.

Mi ò ráyè jáde. Wọ́n wọlé bá mi. Wọ́n fà mí ní ẹsẹ̀ gba orí gíláàsì tó fọ́ kọjá, wọ́n sì jù mí sínú ẹrẹ̀ iwájú ilé. Igi, ìkúùkù, bàtà. Mi ò mọ ibi tí èyíkéyìí ti ń bọ̀ mọ́. Mo gbọ́ tí wọ́n ń fọ́ ìsọ̀. Wọ́n ń kó kápúsù dà sójú títì, pupa àti yẹ́lò, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọmọkùnrin ibùdókọ̀ náà jókòó lé mi láyà, ó bu ìyẹ̀fun àti ẹrẹ̀, ó ń kì í bọ̀ mí lẹ́nu. “Jẹ ẹ́! Ìwọ náà jẹ ẹ́!” Bíríkìlà ní kó kúrò. Ó gbé ṣọ́bìrì sókè, ó sì là á mọ́ mi lójúgun ẹsẹ̀ òsì. Mo gbọ́ ìró egungun mi. Ó tún gbé e sókè. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti já wọ àárín wọn, ó dùbúlẹ̀ lé mi lórí.

“Èmi ni mo dà á!” ó ń ké. “Ọwọ́ mi ni mo fi dà á! Ẹ pa èmi náà!”

Ẹnì kan fi igi gbá a lẹ́yìn. Kò kúrò. Wọ́n tún gbá a. Ẹlòmíràn pariwo pé kí wọ́n mú táyà àti kẹrosíìnì wá, mo sì gbóòórùn kẹrosíìnì náà kí n tó rí ẹni tó gbé e.

Kì í ṣe àánú ló gbà wá. Mógàjí, olórí agbo ilé wa, bàbá arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló jáde pẹ̀lú àdá, ó ń fì í lọ fì í bọ̀ bí ẹni ń ṣánko.

“Ẹ fẹ́ dáná sí iwájú ilé baba mi? Páànù kan páànù ni gbogbo ilé yìí! Ẹni tó bá ṣá iná, màá bẹ́ ẹ lórí!”

Ó ṣá ẹni tó gbé kẹrosíìnì lápá. Gáálọ́ọ̀nù náà bọ́. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn dà ni ojú àwọn èèyàn tó là, wọ́n sì ń fà sẹ́yìn níkọ̀ọ̀kan. Bíríkìlà ló gbẹ̀yìn wọn. Ó wọ́ ṣọ́bìrì rẹ̀ nílẹ̀ lọ.

Ojú ń tì mí láti lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti gbọ́ ìtàn mi. Mo dùbúlẹ̀ nínú yàrá, oníṣègùn egungun kan bá mi di ẹsẹ̀ náà, mo sì ní kí ìyàwó mi ṣa kápúsù tó kù nínú ẹrẹ̀ kó máa tú u sójú ọgbẹ́. Ó ń tú u, ọgbẹ́ ń kẹ̀. Mo ń gbé e mì ní mẹ́rin mẹ́rin, ibà ń pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ kẹjọ, òórùn ẹsẹ̀ mi ti gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì ti ń sọ ìsọkúsọ. Mógàjí ló ní kí wọ́n gbé mi sínú ọkọ̀.

Dókítà obìnrin kan náà ni mo bá. Ó jẹ́ ẹni tí kì í gbé ohùn sókè. Ó mú nínú ọyún ẹsẹ̀ mi lọ yẹ̀ wò, ó sì padà wá lọ́jọ́ kejì ọjọ́ náà.

“Kòkòrò ojú ọgbẹ́ yín kò ka kápúsù yẹn sí rárá,” ó wí fún mi. “A ní abẹ́rẹ́ mìíràn tó lè gba ẹ̀mí yín là. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn ti lọ.”

Wọ́n gé e lókè orúnkún.

Nígbà tí ara mi balẹ̀ díẹ̀, mo bi í léèrè ohun tí kò jẹ́ kí n sùn. “Dókítà, ṣé ẹ̀kọ wa ló pa ọmọ yẹn?”

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi. “Mi ò lè sọ pé ẹ̀kọ yín nìkan ni. Gbogbo ìgboro ló ń gbé kápúsù mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń fún wọn jẹ láràárọ̀, díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ń na ọmọ ní pàṣán wẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, ara rẹ̀ á yigbì sí pàṣán. Ọjọ́ tí ẹ bá wá fẹ́ nà án dáadáa, á máa wò yín ni. Bí kòkòrò ṣe ń ṣe nìyẹn. Oògùn tó kéré kì í pa wọ́n tán, àwọn tó le jù ló máa ń ṣẹ́ kù, wọ́n á sì bímọ.”

“Kí oúnjẹ má bàjẹ́ ni mo fẹ́.”

“Kì í ṣe nǹkan burúkú láti fẹ́,” ó wí. “Ó ṣeé ṣe kí èèyàn ṣe ohun tí wọ́n á fi pọ́n oúnjẹ, tí á sì máa lé kòkòrò sẹ́yìn, àwọn kan sì ń wá a. Ewé tí ẹ pa tì yẹn, mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ó wù mí kí ẹnì kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá máa fi pọ́n oúnjẹ, kò gbọdọ̀ jẹ́ oògùn tí aláìsàn máa nílò lọ́la. Tí ẹ bá ná an sórí ẹ̀kọ, kí ni a ó fún ọmọ tó ń kú?”

Mo yí ojú sí ògiri.

Àwọn ọlọ́pàá ti mú bíríkìlà ní gbogbo ìgbà yìí. Wọ́n wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì ní mi ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ òfin tó de ọ̀rá ẹ̀kọ. Wọ́n fi bíríkìlà sílẹ̀.

Nígbà tí mo lè rìn pẹ̀lú igi abíyá, èmi àti Mógàjí lọ sí ilé bíríkìlà. Mo fi orúnkún mi kan ṣoṣo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo wá bẹ̀ yín.”

Ó wo ibi tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ mi.

“Ẹsẹ̀ kan kì í ṣe ọmọ,” ó wí. Ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìyàwó mi kò dúró dè mí. Kí n tó ti ọsibítù dé, ó ti kó lọ sí ilé ìyá rẹ̀ ní Àrẹ̀mọ, ó sì lo ọdún kan àti ààbọ̀ níbẹ̀. Èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Lẹ́ẹ̀keje ó ní òun á padà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá tún fọwọ́ kan òun, òun á fi omi ẹ̀kọ gbígbóná sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀kọ, ewé ló sì fi ń pọ́n ọn. Àwọn oníbàárà wá díẹ̀díẹ̀. Ilé bíríkìlà kò rà á mọ́ láé. Èmi kò ṣí ìsọ̀ náà mọ́. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún rédíò ṣe.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀dọ́kùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kiri kápúsù nínú àwo ní àdúgbò wa. Mo rí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń ka mẹ́ta lé obìnrin kan lọ́wọ́ fún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń wúkọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo fi igi abíyá gbá àwo náà, gbogbo rẹ̀ fọ́n ká. Ọ̀dọ́kùnrin náà fún mi ní ẹ̀ṣẹ́ lágbárí, mo ṣubú, ó sì ń fi ẹsẹ̀ gbá mi níkùn, ó ń bú mi ní arọ. Mo fi eyín di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mi ò sì jẹ́ kó lọ àfi ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kan mi lẹ́nu. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sá lọ.

Nígbà tí mo gbójú sókè, bíríkìlà ló dúró ní òdìkejì títì. Ó ti darúgbó. Mi ò mọ ìgbà tó ti ń wò wá. Ó rìn wá, ó mú igi abíyá mi níbi tó fò lọ, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò fi í lé mi lọ́wọ́. Ó wá fi bàtà lọ àwọn kápúsù náà mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí ó fi kan èyí tó gbẹ̀yìn. Ó padà sí ilé rẹ̀, èmi náà sì wá bí mo ṣe máa dìde.